Ohùn Janu Tí Mo Pa Rẹ́

Ẹ̀yin tí a jọ ń ṣe Kinar, òtítọ́ tí mo gbé mì ti há mi lọ́fun, mo fẹ́ bì í báyìí. Àwọn dókítà ìlú Kozhikode ti ní kí n máa lọ sinmi nílé, ẹ sì mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí. Ramla kò ṣẹ̀. Èmi Sajeevan ni mo ṣe é.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kó yé àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ètò tó ń gbé kọ̀ǹpútà ṣiṣẹ́ ni Kinar, ọ̀fẹ́ ni, àwa la jọ ń kọ ọ́. Nígbà náà, ibi méjì la ń kó irinṣẹ́ rẹ̀ sí: àpótí kékeré tí ẹ̀rọ máa ń ṣí tí a bá tàn án, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jí, àti àpótí ńlá tí à ń pè ní usr. Ramla, ọ̀kan lára wa, ní ká kó gbogbo rẹ̀ sínú usr. Èrò rẹ̀ dára. Ibi kan ṣoṣo ló ti lè dà rú: bí usr bá wà lórí díìsìkì ọ̀tọ̀, ìyẹn ohun tí ẹ̀rọ ń kó nǹkan pamọ́ sí, ẹ̀rọ kò ní lè jí, torí kọ́kọ́rọ́ á wà nínú yàrá tí wọ́n tì. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó kọ̀wé sí gbogbo wa pé ẹni tó bá mọ irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kó sọ, òun á dáwọ́ dúró. Àṣà wa sì ni pé ẹni tó bá dákẹ́ títí di ọjọ́ Jímọ̀ ti gbà.

Mo mọ ọ̀kan. Ọwọ́ ara mi ni mo fi to ẹ̀rọ ilé ìkàwé abúlé Tíṣà Kelappan bẹ́ẹ̀. Mo ka ìwé Ramla, mo mu tíì mi tán, mo dákẹ́. Èmi ni mo ń bójú tó bí ẹ̀rọ ṣe ń jí láti ìbẹ̀rẹ̀ Kinar, ẹ wá dìbò, ẹ gbé iṣẹ́ náà fún Ramla, ọmọ àná. Ìlara ni, n kò ní pè é ní orúkọ mìíràn.

Ètò tuntun jáde, ẹ̀rọ Tíṣà kò jí mọ́. Inú rẹ̀ ni ohùn àwọn obìnrin abúlé wà, orin tí wọ́n máa ń kọ bí wọ́n bá ń lu èèpo àgbọn láti fi ṣe okùn. Tíṣà ló gbà á sílẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn ti kú, Janu ìyàwó rẹ̀ sì wà lára wọn. Kò sí ẹ̀dà níbòmíràn. Ó pè mí, mo lọ. Mo rí i pé kò sí ohun tó sọnù. Ká ṣáà ṣílẹ̀kùn ni. Bí mo ṣe jókòó síbẹ̀ ni Ramla, tó ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, pè mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fọwọ́ kan díìsìkì yẹn o. Gbogbo ẹ̀ ṣì wà níbẹ̀. Mo ti wọ bọ́ọ̀sì, mò ń bọ̀."

Mo ní kó máa bọ̀. Mo wá yíjú sí Tíṣà, mo ní ọmọbìnrin yẹn ti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́, àfi ká nù ún, ká tún un tò.

"Ohùn Janu ńkọ́?"

"Ó ti lọ, Tíṣà."

Irọ́ ni. Ó bi mí bóyá ká dúró de Ramla. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ní ẹni tó dáná sunlé kọ́ là ń pè wá pa iná. Ó rẹ́rìn-ín tẹkúntẹkún. Mo tẹ bọ́tìnì. Mo tún fi nǹkan mìíràn kọ bo ojú díìsìkì náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí nǹkan kan ṣà níbẹ̀ mọ́. Inú mi dùn. Ẹ gbọ́ mi dáadáa: inú mi dùn.

Nígbà tí Ramla wọlé, Tíṣà kò jẹ́ kó jókòó. Ó ní, "Ẹ̀ẹ̀kejì tí Janu kú nìyí. Ọwọ́ ẹ ló kú sí." Ramla wò mí. Ó retí pé kí n sọ̀rọ̀. Nígbà tí n kò sọ òtítọ́, ó jáde, ẹ kò sì rí ìlà kan láti ọwọ́ rẹ̀ mọ́ nínú Kinar. Láti ìgbà yẹn, bí ọdún Onam bá dé, Tíṣà á fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín ránṣẹ́ sí mi, pé mo ṣeun, mo gbìyànjú. Mo sì ń jẹ ẹ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má fi dídákẹ́ ṣe ìbò mọ́. Irú mi pọ̀ láàrin yín. Tíṣà, mi ò ní kí ẹ dárí jì mí. Ramla ni kí ẹ lọ bẹ̀, ilé rẹ̀ ní Vadakara kò jìnnà sí yín. Ẹ sọ fún un pé nígbà tó fi pè mí, Janu ṣì ń kọrin.