Àwo Oúnjẹ Ẹ̀gà

Lọ́jọ́ Sátidé kan lọ́dún tí ogun abẹ́lé parí, mo ń retí kó kàn mí lọ́dọ̀ onígbàjámọ̀ kan ní Ìkọ̀yà, àwọn àgbàlagbà méjì sì jókòó tì mí. Ọ̀kan ń fi ìko so ààbọ̀ èèpo àgbọn, èkejì ń wò ó.

“Kí lo fẹ́ fi ìyẹn ṣe?”

“Àwo oúnjẹ ẹyẹ ni. Èmi àtàwọn ọmọ-ọmọ mi máa ń so ó mọ́ igi ọsàn, a ó wá bu àgbàdo sí i.”

“Ìwọ kẹ̀? Ìwọ tó o dẹ àtè fún ẹ̀gà títí gbogbo wọn fi dá ikọ́ rẹ mọ̀! Àtè dà níbẹ̀?”

“Kò sí àtè.”

“Háà! Ẹ̀gà á máa sọ fúnra wọn pé bàbá yìí ti ronú pìwà dà.”

Ẹni tó ń so ìko rẹ́rìn-ín, kò gbójú sókè.

“Ọmọ mi tó wà ní Okitipupa, ìgbà wo lo rí i nílé mi gbẹ̀yìn?”

“Ó tó ọdún méjì. Ìgbà tẹ́ ẹ jọ jà.”

“Ìyàwó rẹ̀ ló kó àwọn ọmọ wá lọ́dún Àjíǹde, la bá ṣe irú àwo yìí kan. Látìgbà náà, bí Sátidé bá ti dé, wọ́n á sunkún títí bàbá wọn á fi gbé wọn sẹ́yìn kẹ̀kẹ́ wá wo ẹyẹ. Ó ti jẹun nílé mi lẹ́ẹ̀mẹta. Ọ̀rẹ́ mi, àtè wà níbẹ̀. Ẹ̀gà kọ́ la dẹ ẹ́ fún.”

Onígbàjámọ̀ pe èkejì, kò dìde.

“Ààbọ̀ èèpo kejì ńkọ́?” ló bi í. “Ṣé ẹ ò tíì fi dáná? Èmi náà ní ọmọ-ọmọ tí n kì í rí.”