Ọmọ Tí Wọ́n Ní Ó Ti Sàn

Ṣọ́ọ̀bù kẹ́mísì kan ní Lotto, ní Mowe, ni mo ti gbọ́ ọ, níbi tí mo ti di páálí oògùn mú bí ẹni tó ń ka ohun tí wọ́n kọ sí i.

Obìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé tí ṣọ́ọ̀ṣì wa ti ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìsàn tí wọ́n jù sílẹ̀ fẹ́ ra oògùn gìrì. Ni màmá àgbà kan, aládùúrà ṣọ́ọ̀ṣì, bá dá a dúró.

"Sístà, oògùn kí lo tún ń rà? Ṣebí a gbàdúrà fọ́mọ yẹn ní Sọ́ńdè? Ó ti sàn!"

"Mọ́mì, gìrì mú un lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ yìí."

"Irọ́ èṣù ni. Ó ti sàn!"

"Ẹ ṣé, mà. Ẹ wá gbé e lọ sílé yín, kó lo ọjọ́ mẹ́ta péré."

"Háà! Mi ò tíì sọ fún Dádì, ọkọ mi."

"Ọlọ́run ti wò ó sàn, ó wá ku kí Dádì fọwọ́ sí i?"

Mọ́mì ń wolẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Èmi náà wolẹ̀. Èmi ni mo pariwo halelúyà jù ní Sọ́ńdè yẹn, àmọ́ tí wọ́n bá gbé ọmọ náà fún mi, màá ní ìyàwó mi ò sí nílé.