Ìdí Tí Ilé Onítáyà Kò Fi Tètè Kúrò Ní Àgbàlá Mi

Ẹ dákẹ́ ìyìn yẹn, ẹ̀yin ará iṣẹ́ mi. Ẹ fa àga yín mọ́ bẹ́ẹ̀dì yìí dáadáa, torí ohùn mi kò jáde mọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀. Láti àárọ̀ tí ẹ ti ń wọlé lẹ ti ń sọ pé, "Ọ̀gá Tútù, kò sí irú yín mọ́, ọwọ́ yín kì í parọ́." Ẹ ò mọ̀ pé gbogbo ìgbà tí ẹ bá sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ló ń dà bí ìgbà tí èèyàn bá fi iyọ̀ sójú egbò. Dókítà bá mi sọ̀rọ̀ lánàá. Ó rọra sọ ọ́, ọmọlúàbí ni, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ohun tó sọ. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tí mi ò lè gbé wọ ilẹ̀. Ọwọ́ mi parọ́. Ó parọ́ fún àwọn méjì tó fẹ́ràn mi, irọ́ náà sì ba ohun tí sípánà kankan ò lè tún ṣe jẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ti pẹ́ ní sàkáání ṣọ́ọ̀bù mi á rántí ọkọ̀ ràgàjì àtijọ́ kan tó jókòó sí àgbàlá mi, èyí tó ní ibùsùn, sítóòfù àti kọ́tìnnì nínú, tí ẹ̀ ń pè ní Ilé Onítáyà. Tọkọtaya arúgbó kan ló ni ín. Bàbá jẹ́ awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì. Etí wọn kan ti di, nítorí náà kò sí ọ̀rọ̀ wọn tí kì í ṣe igbe. Màmá jẹ́ agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, ohùn wọn lọ sílẹ̀, ojú wọn sì ń rí nǹkan. Wọ́n ti kó kúrò nínú ilé tí wọ́n ń gbé, inú ọkọ̀ náà ni wọ́n kó ẹrù wọn sí. Etí òkun ni wọ́n ń lọ, ìrìn-àjò ọjọ́ kan gbáko, sọ́dọ̀ àbúrò Màmá, ẹni kan ṣoṣo tí wọ́n jọ mu ọmú ìyá kan náà. Àwọn méjèèjì ti bínú síra wọn láti ìgbà tí òbí wọn ti kú. Àbúrò ló kọ́kọ́ rọlẹ̀, ó pè, ó ní ara òun kò yá, kí ẹ̀gbọ́n òun jọ̀ọ́ máa bọ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn Màmá kò lágbára. Dókítà wọn ti kìlọ̀ pé wọ́n gbọ́dọ̀ máa dùbúlẹ̀ lójú ọ̀nà, ooru kò sì gbọdọ̀ mú wọn, nítorí náà ọkọ̀ èrò kò ṣeé wọ̀, ojú Bàbá kò sì gbé wíwa ọkọ̀ lóru mọ́. Ọ̀nà etí òkun sì nìyẹn, pápá gbalasa, oòrùn bí iná, láìsí igi kan. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀rọ amúlétutù orí ọkọ̀ náà ti kú. Wọ́n béèrè títí, àwọn èèyàn ní èmi ni kí wọ́n gbé e wá fún.

Nígbà tí mo gun òkè ọkọ̀ tí mo tú ẹ̀rọ náà, mo rí i pé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀, ọkàn ẹ̀rọ náà, ti gan, àwọn páìpù rẹ̀ sì ti dógùn-ún. Bàbá ké láti ìsàlẹ̀ pé, "Ọ̀gá Tútù, ṣé ó ṣì lè jí? Ẹ̀rọ yẹn dàgbà tó ìgbéyàwó mi, ìgbéyàwó mi gan-an sì ń fẹ́ gáàsì!" Màmá fèsì látojú fèrèsé pé, "Gáàsì kọ́ ló ń dà yín láàmú, etí ni." Mo rẹ́rìn-ín lórí òrùlé ọkọ̀ títí sípánà fi bọ́ lọ́wọ́ mi. Ìgbà tí mo rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn, mi ò rántí mọ́. Ìyàwó mi ti kú nígbà náà. Ọmọ mi wà lókè òkun, tó bá pè, a ó kí ara wa tán, ọ̀rọ̀ á sì tán lẹ́nu àwa méjèèjì. Yàrá ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mò ń sùn. Tí ẹ bá ti palẹ̀ mọ́ tí oníkálukú ti gba ilé rẹ̀ lọ, mo máa ń tan ẹ̀rọ oníbàárà tí mo ti tún ṣe, kì í ṣe torí ooru, kí n ṣáà lè gbọ́ ohun kan tó ń mí nínú yàrá. Ẹ ò mọ̀. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo rò pé àgbà ọkùnrin kì í sọ pé òun dá wà. Òmùgọ̀ ni mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì tí wọ́n dé, Màmá kan ilẹ̀kùn mi. Wọ́n ní, "Wá jẹun. Èèyàn kì í dá jẹun bí olè." Láti ìgbà náà lọ, ìdí tábìlì kékeré inú ọkọ̀ yẹn ni mò ń jókòó sí lálaalẹ́, orúnkún mi kan ti Bàbá. Bàbá á ka ìwé ìròyìn àná sókè, wọ́n á sì máa bá ìwé náà jà. Màmá rí i pé bọ́tìnnì ẹ̀wù mi ti já, wọ́n ní kí n bọ́ ọ, wọ́n mú abẹ́rẹ́. "Ta ló ń tọ́jú ẹ?" Mo ní, "Èmi náà ni, mà." Wọ́n wò mí, wọ́n fi eyín já òwú. Mo ti mọ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́ pé ẹ̀rọ àtijọ́ náà ò lè jí mọ́. Tuntun kan wà tó fúyẹ́ jù ú lọ, tí kì í jẹ iná púpọ̀, tó sì máa wọ ojú ihò òrùlé náà pẹ́kẹ́. Àmọ́ mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ gbìyànjú èyí tó wà níbẹ̀. Mò ń fọ páìpù tí kò ní wúlò. Mò ń tún fáànù tí mo mọ̀ pé màá jù nù. Irọ́ kìn-ín-ní nìyẹn, ó sì fi gbogbo ara jọ iṣẹ́.

Nígbà tó yá, ojú tì mí, mo gbé tuntun náà sí i. Mo fi irin gbé òrùlé náà ró, mo fi rọ́bà dí etí ihò kí òjò má bàa wọlé, mo fa wáyà tuntun. Bí mo ṣe tàn án, atẹ́gùn tútù gba inú ọkọ̀ kan. Màmá dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, wọ́n di ojú, wọ́n ní, "Háà, ọmọ mi, o ṣeun. Lọ́la la máa lọ." Bàbá dì mọ́ mi. Gbogbo wa ń rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n inú tèmi ti ṣú. Nígbà tí ojúmọ́ ń là bọ̀, mo gun òkè ọkọ̀ bí ẹni tó fẹ́ yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò, mo fi sípánà dẹ ojú ìsopọ̀ páìpù kan. Gáàsì ń sá jáde, ó ń dún ṣíì, bí ejò. Rẹ́wáyà, ìwọ tó jókòó létí fèrèsé yẹn, o rántí? Ìwọ lo wá tí o ní, "Ọ̀gá, mò ń gbọ́ ìró gáàsì o. Ṣé kí n bá yín dì í?" Mo jágbe mọ́ ọ, mo ní kí o lọ dojú kọ wáyà rẹ. O sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ mi. Ìwọ! Kí ni mo wá sọ fún Bàbá? Mo ní páìpù ayé ìsinsìnyí ò lágbára. Wọ́n gbà mí gbọ́. Wọ́n ní páìpù inú ẹ̀rọ gan-an ló ń ṣe àwọn, pé ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ìdí tábìlì oúnjẹ ni aṣeni tiwọn ń jókòó sí. Mo dí páìpù náà, mo tún ní wáyà ló jó. Mo ṣe wáyà, mo tún ní jẹnẹrétọ̀ ọkọ̀ ni kò gbé e. Lálẹ́, màá jẹ oúnjẹ wọn.

Lọ́jọ́ kan, fóònù Màmá dún nígbà tí a wà nídìí oúnjẹ. Ọmọbìnrin àbúrò wọn ni. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ketekete: "Màmá, ẹ yára. Ìyá mi ní àwọn ò bínú mọ́, ojú yín nìkan ni àwọn fẹ́ rí." Màmá dìde, wọ́n ń kó aṣọ. Bàbá dojú kọ mí, wọn ò sì kígbe nígbà yẹn rárá. "Ọ̀gá Tútù, mo fi ìyá tó bí ẹ bẹ̀ ẹ́. Ṣe é kó dá mi lójú. Àárọ̀ ọ̀la la máa gbéra." Mo ṣe é. Ẹ gbọ́ mi yékéyéké: mo ṣe é, ó ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ. Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, mi ò ní máa sọ ọ̀rọ̀ yìí fún yín lónìí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Bàbá ń yẹ táyà wò, Màmá gbé ife tíì fún mi. Wọ́n ní, "Tí o bá ń dá mu ún, máa fi ṣúgà sí i dáadáa. O kì í fi sí i tó." Mo gbé ife náà sílẹ̀. Mo ní kí n yẹ orí ọkọ̀ wò lẹ́ẹ̀kan sí i. Agolo kékeré kan wà nínú ẹ̀rọ, kapásítọ̀, òun ló ń ti kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ kó tó lè gbéra. Láìsí i, fáànù á máa fẹ́ lásán ni, afẹ́fẹ́ gbígbóná ló máa fẹ́. Mo yọ ọ́. Mo fi sápò. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo ní, "Bàbá, ó ti tún kú o."

Màmá ní kí àwọn máa lọ bẹ́ẹ̀. "Kí ooru pa mí lójú ọ̀nà sàn ju kí n jókòó síbí lọ." Bàbá kọ̀ jálẹ̀: "Mi ò ní gbé òkú rẹ lọ kí àbúrò rẹ." Àwọn méjèèjì bú sẹ́kún níwájú mi, mo sì dúró bí òpó, agolo náà ń gún mi nítan. Ìgbà wo ni èèyàn ń di ẹranko? Ìgbà yẹn ni. Mo ní mò ń lọ wá òmíràn, pé irú rẹ̀ ṣọ̀wọ́n. Kò ṣọ̀wọ́n. Mo lọ jókòó sórí bẹ́ńṣì ibùdókọ̀, mò ń wo àwọn tó ń wọkọ̀ lọ bá àwọn èèyàn wọn. Lọ́jọ́ kejì, mo tún lọ jókòó síbẹ̀. Nígbà tí mo padà nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì yẹn, wọn ò tan iná inú ọkọ̀. Àbúrò ti kú lọ́sàn-án. Mo bú sẹ́kún lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀. Màmá, ẹni tí mo ṣe ní ibi, ló wá gbá mi lẹ́yìn pẹ́pẹ́: "Má sunkún, ọmọ mi. O ṣe ìwọ̀n tí o lè ṣe." Mo dá agolo náà padà sáyè rẹ̀. Ọkọ̀ náà tutù minimini nígbà tí wọ́n ń gbé e lọ síbi ìsìnkú.

Ó pẹ́ gan-an kí n tó tún rí wọn. Ọmọbìnrin àbúrò yẹn ló wa ọkọ̀ dé, Màmá nìkan ló wà lẹ́yìn. Bàbá ti kú. Màmá ní, "Bàbá ẹ ló ní tí ẹ̀rọ náà bá ti ń rojú, ìwọ ni kí n gbé e wá fún, pé kò sẹ́ni tó làágùn fún wa bíi tìẹ." Mò ń fọ ìdọ̀tí inú ẹ̀rọ, ọmọbìnrin náà dúró tì mí, ó ń dúpẹ́. Ó ní, "Ẹ ṣé fún gbogbo wàhálà yín nígbà yẹn, sà. Ìyá mi ní ká gbé àga àwọn kọjú sí ọ̀nà. Ọkọ̀ ńlá tó bá ti ń kọjá, wọ́n á ní, 'Ẹ wò ó dáadáa, ṣé kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn?'" Mi ò lè ṣe iṣẹ́ náà mọ́. Mo wọ inú ọkọ̀, mo kúnlẹ̀ síwájú Màmá, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, láti orí páìpù dé orí agolo. Wọn ò ké. Wọn ò ṣépè. Wọ́n wá ní, "Kí ló dé?" Mo ní, "Mi ò fẹ́ kí ẹ lọ." "Ìyẹn nìkan?" "Ìyẹn nìkan, Màmá." Wọ́n mí kanlẹ̀. Wọ́n ní, "Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ ni, à bá ní kó o ti ṣọ́ọ̀bù ẹ kó o bá wa lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Bàbá ẹ fẹ́ sọ ọ́. Èmi ni mo dá wọn dúró, mo ní ọkùnrin tó níṣẹ́ lọ́wọ́ bíi tìẹ ò ní gbà." Wọ́n wá pe ọmọbìnrin náà pé kó ṣíná ọkọ̀. Wọn ò ní àwọn dárí jì mí. Wọn ò sì ní àwọn ò dárí jì mí. Láti ìgbà náà, mi ò gbúròó wọn mọ́.

Rẹ́wáyà, dárí jì mí. Ẹ̀yin yòókù, ẹ má pè mí ní ọ̀gá níbi ìsìnkú mi. Tí ẹ bá rí ọmọbìnrin náà, ẹ sọ fún un pé èmi ni mo dá ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ dúró, pé Màmá fẹ́ wá. Ẹ̀yin tí ẹ ṣì kéré, ẹ̀yin tí ẹ rò pé ọjọ́ ogbó ò ní kan ilẹ̀kùn yín, lọ́jọ́ tí ilé bá dákẹ́ jù fún yín, ẹ jáde, ẹ wá ẹnìkan, ẹ sọ ọ́ fún un, kódà bí ojú bá ń tì yín. Ẹnu ni a fi ń bẹ èèyàn pé kó dúró tì wá. A kì í fi sípánà bẹ̀ ẹ́.