Òróró Àdúrà Lórí Ìlà Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yìn ìdílé kan ni mo wà lórí ìlà ọkọ̀ ojú omi ní Èbúté Ìkòròdú, nígbà tí màmá àgbà wọn ṣí ìgò òróró àdúrà, tó fẹ́ fi pa rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tí dókítà fi sí àyà ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìyá ọmọ yára fọwọ́ bò ó.

“Màámi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi kàn án.”

“Àdúrà mi ló dọ̀tí?”

“Rárá o, mà. Ìfun rẹ̀ ò gba oúnjẹ. Rọ́bà yìí la fi ń bọ́ ọ nílé, tààrà sínú ẹ̀jẹ̀. Àrùn tó bá gba ibẹ̀ wọlé kì í kágò. Òun ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ wa lọ́jọ́sí.”

Màmá fa ọwọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

“Ẹni tí kì í kágò, olè ni.”

Ó dé ìgò rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

“Bu omi ọṣẹ tó wà nínú báàgì ẹ sí mi lọ́wọ́. Orí ọmọ ni màá gbàdúrà lé.”