Ìmí Tí Mo Mí Níwájú Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀yin ará mi nínú Olúwa, ẹ dákẹ́ orin ná. Alàgbà ní kí n wá jẹ́rìí, ṣùgbọ́n kì í ṣe ẹ̀rí ọpẹ́ ni mo gbé wá. Ẹ̀rù ni mo gbé wá. Ẹni tó bá ń tòògbé, kí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ jí i, nítorí mi ò ní tún un sọ. Ara mi kò gbà á.

Ẹ kúkú mọ̀ mí. Èmi ni Ìyá Ìjọ yín. Ẹnu mi kì í dilẹ̀, ojú mi kì í sì í gba ìwọ̀sí. Ẹ sì mọ ètò tí a ṣe lánàá nínú ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì yìí, tí a pe àwọn tó ń wá òṣìṣẹ́ kí wọ́n wá pàdé àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́. A ta kánópì, a to tábìlì. Àwọn ilé ìwòsàn wá, àwọn tó ń kọ́lé wá, Alhaji tó ni ilé búrẹ́dì náà wá. Èmi ni wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n, nítorí kò sí ọmọ tí wọ́n bí ní àdúgbò yìí tí mi ò mọ ilé tó ti jáde. Bí ọmọ kan bá ti sọ tẹnu rẹ̀ tán, ẹni tó fẹ́ gbà á á yíjú sí mi, á ní, "Màmá, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n?" Ohun tí mo bá sọ ni wọ́n máa gbà. Bí a ṣe ń ṣe é níbí nìyẹn: iṣẹ́ ọwọ́ dára, ṣùgbọ́n àgbà tó bá dúró fún ọ ló máa mú ọ wọlé.

Morẹ́nikẹ́ wá. Ẹ mọ̀ ọ́n, ọmọ bàbá tí àrùn rọpárọsẹ̀ dá dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ilé ìwé. Òun ló ń bọ́ bàbá, òun náà ló ń bọ́ àwọn àbúrò. Ó kọ́ṣẹ́ búrẹ́dì, ó sì mọ̀ ọ́n ṣe. Òjò ti rọ̀ láàárọ̀. Ó dé iwájú mi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ káàárọ̀ mà," ó sì nàró. Kò kúnlẹ̀! Níwájú àwọn àlejò! Inú mi ru. Mo ní nínú mi pé, ṣé èmi ni ọmọ yìí ń kí bí ẹni ń kí ẹgbẹ́ rẹ̀? Mi ò bá a wí, mi ò bi í ní nǹkan kan. Mo gbé e sínú.

Alhaji fẹ́ràn ọmọ náà. Mo rí i lójú rẹ̀. Ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Ìjọ, ṣé ẹ mọ̀ ọ́n dáadáa?"

Mo mí kanlẹ̀. Mo ní, "Hmm. Alhaji, ẹ jẹ́ ká ṣì máa wò ó." Mo sì gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mi ò pè é lólè, mi ò pè é ní oníṣekúṣe. Wọ́n ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀ á di odindi. Tèmi dé inú Alhaji, ó di odindi. Ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kí ọmọ náà máa lọ, òun á ránṣẹ́ sí i, gbogbo wa la sì mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Morẹ́nikẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi kó tó lọ. Ẹ gbọ́ mi o, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi!

Mo délé lọ́sàn-án. Mo lọ síbi ibùsùn mi láti gbàdúrà, mo ní kí Ọlọ́run ṣílẹ̀kùn fún gbogbo ọmọ tó wáṣẹ́ wá, mo ń dárúkọ wọn. Nígbà tí mo dé orí Morẹ́nikẹ́, mo fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni oorun ti gbé mi.

Ẹnìkan fọwọ́ kàn mí léjìká. Aṣọ rẹ̀ funfun, ó ká apá rẹ̀ sókè bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ó ní, "Dìde, wá wò ó." Mo ní, "Ta ni yín, sà?" Ó ń yára rìn, mo ń sáré tẹ̀ lé e, mo ń kùn pé ẹsẹ̀ àgbà kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọdé. Kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Ibi ìsinmi la kọ́kọ́ dé. Ẹ̀yin ará, mi ò rí wúrà níbẹ̀ o, ẹni tó bá rí i rí tirẹ̀. Ohun tí mo rí ni afẹ́fẹ́ tútù, àti àwọn ènìyàn tó jókòó bí ẹni tó ti ṣíwọ́ iṣẹ́, tó ti wẹ̀, tí ẹnikẹ́ni kò ní tún pè. Mo rí Ìyá Àdùkẹ́ tí a sin níjọ́sí, ẹni tó ń kólòlò, tí a máa ń fi rẹ́rìn-ín bó bá ń gbàdúrà. Èrò yí i ká, wọ́n ń kí i. Mo ní, "Kí ló ṣe tó bẹ́ẹ̀?" Amọ̀nà mi ní, "Ó máa ń tẹ̀ lé àwọn ọmọ lọ síbi tí wọ́n ti ń wáṣẹ́. Ẹnu tó ń kólòlò yẹn ló fi ń sọ pé, mo mọ̀ ọ́n, ọmọ dáadáa ni." Mo kí Ìyá Àdùkẹ́. Ó wò mí, ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. Kò bínú sí mi, àánú mi ló ṣe é. Ìyẹn ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí.

A sọ̀kalẹ̀. Ilẹ̀ ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Mo rí àwọn òpùrọ́, ahọ́n wọn gùn débi pé àwọn fúnra wọn ń tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, wọ́n ń ṣubú. Mo rí àwọn alágbèrè, tọkùnrin tobìnrin, iná ń jó láàárín wọn, wọn kò sì lè já ara wọn sílẹ̀. Mo rí ọkùnrin sísanra kan tó ń ti ilẹ̀kùn kan bọ́ sí òmíràn, ó ń tọrọ omi. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, ohùn kan á ní, "Kọ́kọ́ bọ́ra ná." Aṣọ ti tán lára rẹ̀, awọ ara rẹ̀ ló ń bọ́. Amọ̀nà mi ní, "Ọ̀gá ilé iṣẹ́ ni. Kò gba ọmọbìnrin síṣẹ́ rí tí kò kọ́kọ́ ní kó bọ́ra."

Mo pariwo, mo ní, "Ó tọ́ sí i! Ẹ jẹ́ kó jìyà!"

Ó wò mí. Ó ní, "Má tíì dájọ́. A ò tíì dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ."

Ẹgbẹ́ mi kẹ̀? Èmi Ìyá Ìjọ?

Háà, ẹ̀yin ará! Àfonífojì kan ni, kò síná níbẹ̀, èéfín ni, èéfín dúdú, àwọn ènìyàn sì jókòó lórí àga nínú rẹ̀, àwọn àgbà bíi tèmi, onígèlè, alágbádá, olóyè ìjọ, ẹnu wọn là sílẹ̀ wọn ò lè pa á dé, wọ́n ń mí, wọ́n ń mí, èéfín tó ń tẹnu wọn jáde ló tún ń padà sí wọn lọ́fun, ẹnìkan sì dúró níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn tó ń bèèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé ẹ mọ̀ mí? Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ̀ mí?", wọ́n fẹ́ dáhùn, iṣan ọrùn wọn le, omi ń dà lójú wọn, "Hmm" nìkan ló ń jáde.

Mo ní, "Kí ni wọ́n ṣe?"

Ó ní, "Wọ́n mí."

"Ṣé mímí náà ti wá di ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ó ní, "Wọ́n bi wọ́n léèrè ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n mọ òtítọ́, wọ́n mí. Bí òpùrọ́ bá sọ̀rọ̀, ènìyàn lè já a ní koro. Ta ló lè já ìmí ní koro?"

Àga kan ṣófo. Mo wo ìrọ̀rí tó wà lórí rẹ̀, ìrọ̀rí búlúù mi ni, tí mo fọwọ́ ara mi rán, tí mo ń jókòó lé nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, Morẹ́nikẹ́ sì dúró níwájú rẹ̀, ó ń dúró dè mí. Yéè, mo gbé! Mo di ẹsẹ̀ amọ̀nà mi mú, mo ní ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi, ó ní, "Èmi kọ́ ni wàá bẹ̀, ilẹ̀ kò tíì ṣú níbi tí o ti wá," èéfín ti wọ̀ mí lọ́fun, mo fẹ́ pe Jésù, "Hmm" ló jáde, mo tún fẹ́ pè é, "Hmm", mo fi gbogbo agbára mi pè é, mo sì jí.

Mi ò dúró bọ́jú. Mo sáré lọ sí ilé búrẹ́dì. Alhaji ń ṣe àlùwàlá lọ́wọ́. Mo ní, "Alhaji, ọmọ yẹn, ọmọ dáadáa ni. Kò ṣe nǹkan kan. Ẹ gbà á."

Ó dá omi dúró. Ó ní, "Kí ló wá dé tí ẹ mí kanlẹ̀ nígbà tí mo bi yín?"

Mo ní, "Inú ló ń bí mi. Kò kúnlẹ̀ kí mi."

"Sùbùhánállàhì! Màmá, mo ti mú ẹlòmíràn. Ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ó ti ń po ìyẹ̀fun nínú lọ́hùn-ún. Ṣé kí n lọ lé e jáde ni?"

Mo yà lọ sílé Morẹ́nikẹ́. Ó ń fún bàbá rẹ̀ ní ẹ̀kọ mu. Mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní, "Màmá, síkẹ́ẹ̀tì onísíkẹ́ẹ̀tì ni mo wọ̀, ọ̀rẹ́ mi ló yá mi. Ẹrẹ̀ pọ̀ nílẹ̀. Mo rò pé ẹ rí i." Ó nu ẹnu bàbá rẹ̀. "Láti àárọ̀ ni mo ti ń ro ohun tí wọ́n rí lára mi tí kò dáa." Bàbá rẹ̀ kọjú sí ògiri. Mo bẹ̀ ẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì lè fi agbára gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ojú ń tì mí, ẹ̀yin ará. Ohun tí mo ṣe sí Morẹ́nikẹ́ yẹn ni kò jẹ́ kó wá lónìí.

Ẹ ṣọ́ra yín. Bí wọ́n bá bi yín léèrè ọmọ ẹlòmíràn, ẹ sọ ohun tí ẹ mọ̀. Bí ẹ ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ní ẹ ò mọ̀ ọ́n. Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ pè é, kí ẹ bá a wí, kó sì tán síbẹ̀. Ẹ má ṣe mí. Mo ti rí ibi tí ìmí yẹn ń gbé ènìyàn lọ, àga tó ṣófo níbẹ̀ kò sì tíì kúrò.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé iṣẹ́ nínú ìjọ yìí, mo ń rí yín níbi tí ẹ jókòó sí. Ọmọ náà wà nílé, kò níṣẹ́, èmi ni mo fà á. Ẹ dákun, kí ẹnìkan dìde, kó bi mí níṣojú gbogbo ènìyàn bóyá mo mọ Morẹ́nikẹ́.

Kí ló dé tí gbogbo yín dákẹ́? Ẹ bi mí.