Síìmù Alhaja Modinat Tó Wà Lọ́wọ́ Mi

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń kí mi ní àdúgbò Pedro, ní Bàrígà, pé "Tabitha olóòótọ́, ẹ kú iṣẹ́ o," ẹ dákẹ́ ná. Ẹ má kí mi bẹ́ẹ̀ mọ́. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹrà, òórùn rẹ̀ sì ti gba imú èmi fúnra mi. Bí n kò bá tú u síta báyìí, yóò pa mí. N kò ṣàìsàn o, kò sì sí dókítà tó sọ fún mi pé ọjọ́ mi ti pé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju pé ẹni tí mo kórìíra jù láyé kúnlẹ̀ níwájú àbúrò mi, ojú mi sì rí i.

Fóònù ni mò ń tà, pẹ̀lú síìmù àti dátà, nínú ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tó kọjú sí títì Pedro. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọjà ló gbé orúkọ mi dé Abúlé Òkúta àti Ladi-Lak, ìmọ̀ràn ni. Bí ènìyàn bá dé tó ní òun fẹ́ ra fóònù tuntun, mo máa ń kọ́kọ́ gba ti ọwọ́ rẹ̀ wò. Bí bátìrì rẹ̀ bá ti wú, tàbí tí kò gba WhatsApp mọ́, màá sọ fún un pé ó tó ìgbà. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ pé fóònù aládùúgbò ló wọ̀ ọ́ lójú, màá ní kó lọ pa gbogbo fídíò ìgbéyàwó àti ìkómọ tó kó pamọ́ rẹ́, kó sì máa lo tirẹ̀ lọ. Wọn a tún bi mí pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì wo ló dára jù. Màá ní kò sí èyí tó dára jù, èyí tó bá ọ mu ló wà. Èyí tó ń sáré ní Pedro lè máa rákò ní Ladi-Lak. Dátà ọ̀fẹ́ tó jẹ́ pé òru nìkan ló ń ṣiṣẹ́, kí ni ìyá àgbà tó ti ń hanrun kí ìròyìn tó parí fẹ́ fi ṣe? Nítorí náà ni mo ṣe máa ń bi gbogbo ènìyàn ní ìbéèrè kan kí n tó gbà wọ́n nímọ̀ràn: ta ni ẹ ń pè jù, ta ló sì ń pè yín? Ìbéèrè yẹn ti tú àṣírí ọkọ, ti àlè àti ti onígbèsè fún mi rí, n kò sì fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe ẹnikẹ́ni ní ibi. Àyàfi ẹnì kan.

Níní ni àbúrò mi kan ṣoṣo. Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá. Nígbà tí ìyá wa kú, èmi ni mo mú un wá sí Èkó, mo sì fi í sọ́dọ̀ Alhaja Modinat ní Ladi-Lak kó máa kọ́ iṣẹ́ aṣọ rírán. Ọmọ onílẹ̀ ni Alhaja; ìdílé wọn ti wà ní Bàrígà kí ilé tó kún ibẹ̀, ó sì máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni pé gbogbo àwa yòókù, àlejò tí kò mọ ìgbà tó yẹ kó máa lọ ni wá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n wá fóònù rẹ̀ tì. Kò bèèrè, kò wádìí. Ó ní, "Ará òkè yìí ló gbé e!" Ó fi ọwọ́ tó wọ òrùka wúrà gbá Níní létí, ó tún gbá a, ó sì ní kí wọ́n kọ́ páálí fóònù náà sí i lọ́rùn, kí wọ́n mú un yí àdúgbò ká. Níní ń ké pé, "Alhaja, mi ò mú un! Ẹ yẹ ara mi wò!" Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò. Nínú gbogbo ilé yẹn, ẹnì kan ṣoṣo ló bẹ̀bẹ̀ fún un, Àbdùlláhì, ọmọ Alhaja: "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wá a dáadáa." Ìyá rẹ̀ ní kó panu mọ́.

Àbdùlláhì yìí náà ló padà rí fóònù ọ̀hún láàárín bẹ́ẹ̀dì ìyá rẹ̀ àti ògiri. Ó sáré wá bá wa nílé, omijé lójú rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ fún Níní. Ẹ wá gbọ́ ti ìyá rẹ̀ nígbà tí mo lọ bá a: "Ẹ̀ẹ́n, wọ́n ti rí i, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run. Bí kò bá jí èyí, ta ló mọ èyí tó ti jí tẹ́lẹ̀?" Ọ̀rọ̀ tán. Kò sí pẹ̀lẹ́, kò sí má bínú. Etí òsì Níní kò gbọ́ràn mọ́ títí di òní. Bí ẹ bá bá a sọ̀rọ̀ láti òsì, á yí gbogbo ara rẹ̀ sí yín, á sì rẹ́rìn-ín, bí ẹni pé òun ló jẹ yín ní gbèsè. Ẹni tó ṣu lè gbàgbé. Ẹni tó kó o kì í gbàgbé. Èmi ni mo kó o, mo sì fi dá ara mi lójú pé lọ́jọ́ kan, Alhaja yóò sunkún débi tí ojú rẹ̀ yóò fi wú.

Nígbà tó yá, Àbdùlláhì bá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà, pé àwọn fẹ́ dé Ítálì. Ní ọ̀nà yẹn, wọn kì í jẹ́ kí fóònù pẹ́ lọ́wọ́ ẹni. Nọ́ńbà ìyá rẹ̀ nìkan ló mọ̀ lórí. Ìgbàkígbà tó bá rí fóònù yá, á pè é, nọ́ńbà mìíràn lónìí, òmíràn lóṣù tó ń bọ̀.

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni Alhaja wọ ṣọ́ọ̀bù mi. Ó jókòó, ó na fóònù rẹ̀ sí mi bí ẹni tí kò sí nǹkan kan láàárín wa rí. "Tabitha, ẹ̀rọ yìí fẹ́ sọ mí di wèrè. Mi ò tíì lò ó débì kan tó ti kú. Dátà tí mo rà lánàá, wọ́n ní ó ti tán lónìí. Gbogbo èèyàn ló ní ìwọ lo mọ̀ ọ́n. Ṣé kí n pààrọ̀ ẹ̀ ni, àbí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni ò dáa?"

Mo yẹ̀ ẹ́ wò. Bátìrì rẹ̀ ti wú débi pé ẹ̀yìn fóònù ti ń ya. Ó tó pààrọ̀ lóòótọ́. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ náà kì í mú dáadáa ní àdúgbò wọn, òmíràn ló yẹ kó máa fi ra dátà. Títí dé ibẹ̀, n kò purọ́. Mo wá bi í ní ìbéèrè mi: "Alhaja, ta ló ń pè yín jù?"

Ojú rẹ̀ rọ̀. "Àwọn yòókù lè wá mi wálé. Àbdùlláhì nìkan ni. Nọ́ńbà yìí nìkan ló mọ̀. Ohun yòówù tó o bá máa ṣe, Tabitha, má jẹ̀ẹ́ kí nọ́ńbà yìí sọ nù."

Ọ̀bẹ ló fi lé mi lọ́wọ́ yẹn, ó sì tún fi ibi tí màá ti gún un hàn mí. Fóònù tuntun tí mo tà fún un gba síìmù méjì. Ọmọdé lásán mọ̀ pé kí n fi ti àtijọ́ sí apá kan fún ìpè, kí n sì fi tuntun sí apá kejì fún dátà, gbogbo rẹ̀ á sì parí. Mo fi tuntun nìkan síbẹ̀, mo sì ti àtijọ́ bọ àpò mi. Mo ní, "Alhaja, mo ti so méjèèjì pọ̀. Ẹni tó bá pe ti tẹ́lẹ̀, orí èyí ló máa bọ́ sí." Ó ní, "Pè é ká gbọ́." Mo pe nọ́ńbà tuntun níṣojú rẹ̀, fóònù dún, ó rẹ́rìn-ín. Ó gbàdúrà fún mi pé mi ò ní fojú sunkún ọmọ. Mo ṣe àmín. Ẹ wo ẹnu tí mo fi ṣe àmín!

Mo kọ́kọ́ fẹ́ ju síìmù náà sínú gọ́tà, ṣùgbọ́n ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn. Mo fẹ́ máa gbọ́ bí yóò ṣe máa dún tí kò ní sí níbẹ̀. Mo fi í sínú fóònù pẹ́ńpẹ́ oní-tọ́ọ̀ṣì kan, mo gbé e sí abẹ́ káńtà. Kò pẹ́ tí Alhaja fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá. "Tabitha, Àbdùlláhì ò tíì pè o." Màá ní, "Nẹ́tíwọ́ọ̀kì aṣálẹ̀ ni, mà. Ẹ ní sùúrù." Á tún padà wá, ọrùn rẹ̀ ti ń gùn, aṣọ rẹ̀ ti ń ṣò. N kò ní purọ́ fún yín: ó dùn mọ́ mi. Bó bá lọ tán, màá wo Níní, tó ti ń rán aṣọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi nígbà náà, bó ṣe ń yí etí ọ̀tún sí oníbàárà, màá sì sọ nínú ọkàn mi pé, ó kù, kò tíì tó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan tí mò ń gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù ló pè.

"Mọ́mì? Àbdùlláhì ni o."

"Mọ́mì kọ́," mo dáhùn. "Tabitha ni."

"Háà, Àǹtí Tabitha! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún Mọ́mì, fóònù onífóònù ni." Ọ̀rọ̀ ń dà lẹ́nu rẹ̀ bí omi. Ó ní ọkọ̀ òfurufú kan ń bọ̀ tí yóò kó àwọn ọmọ Nàìjíríà padà sílé, kí ẹni tó bá fẹ́ lọ forúkọ sílẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ó ní àwọn tí àwọn jọ wà ti pinnu láti wọ ọkọ̀ ojú omi. "Ojú ló ń tì mí, Àǹtí. Ẹ̀gbà ọrùn Mọ́mì ni mo jí tà kí n tó kúrò nílé. Àmọ́ bí wọ́n bá ti lè fẹnu ara wọn sọ pé kí n máa bọ̀, màá bọ̀."

Ẹ gbọ́ o. Ẹni tó pe ọmọ ọlọ́mọ lólè, ọmọ tirẹ̀ ló jí i lẹ́gbà ọrùn. Mo lè fún un ní nọ́ńbà tuntun. Mo lè ní kó dúró, kí n gun ọ̀kadà lọ bá ìyá rẹ̀ ní Ladi-Lak. Èmi fúnra mi lè sọ pé, "Máa bọ̀, ọmọ dáadáa," nítorí mo mọ̀ pé ohun tí ìyá rẹ̀ yóò sọ nìyẹn. Ohun tí mo sọ nìyí: "Àbdùlláhì, ìyá ẹ ló gbé síìmù yìí fún mi. Ó ní kó o má pe òun mọ́. Ó ní tó bá jẹ́ ọwọ́ òfo lo máa gbé bọ̀, kó o má fẹsẹ̀ tẹ ilé òun."

Mò ń gbọ́ ariwo àwọn ènìyàn lẹ́yìn rẹ̀.

"Wọ́n sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ó sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó dáa, Àǹtí. Ẹ bá mi kí Níní. Ẹ ní mi ò gbàgbé ẹ̀."

Ìpè já. Mo gbé ìgbálẹ̀ mi, mo gba ilẹ̀ yòókù. Kò sí ẹni tó tíì gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ láti ìgbà náà.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Níní ń rán aṣọ ní ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù mi, Alhaja sì dé láìwé gèlè. Kò kí mi. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ òsì Níní, ó ń sọ̀rọ̀, Níní kò gbọ́, ó ń rán aṣọ lọ. Alhaja wá rí i fún ìgbà àkọ́kọ́, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó pariwo ẹkún. Ó fi orúnkún rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún. "Níní, dárí jì mí. Mo ti rò ó títí, ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀ ẹ́ ló dí ọmọ mi lọ́nà. Mo bẹ̀ ẹ́, fi ọmọ mi sílẹ̀ fún mi."

Níní gbá a mú. "Alhaja, ẹ dìde. Mi ò ṣẹ́ èpè fún yín rí. Àbdùlláhì ló bẹ̀bẹ̀ fún mi lọ́jọ́ yẹn. Ojoojúmọ́ ni mò ń gbàdúrà fún un."

Ẹkún tí mo ti ń dúró dè nìyẹn, ojú tó wú tí mo fẹ́ rí. Mo sì rí i pé ẹni tí mò ń gbẹ̀san fún kò rán mi níṣẹ́. Mo ní, "Níní kọ́, Alhaja. Èmi ni." Mo gbé fóònù pẹ́ńpẹ́ jáde, mo sì sọ gbogbo rẹ̀. A pe nọ́ńbà tó fi pè mí. Kò lọ. Mo gbé ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi sílẹ̀ kí Alhaja gbá mi létí. Mo fẹ́ kó gbá mi. Kò gbá mi.

Ó ní, "Ta ló gbọ́ ohùn ọmọ mi kẹ́yìn?"

"Èmi ni, mà."

"Fóònù yẹn ò ní kúrò lọ́wọ́ ẹ. Tó bá dún, ìwọ lo máa gbé e. Ìwọ lo máa fẹnu ara ẹ sọ fún un pé irọ́ lo pa. Èmi á jókòó tì ẹ́."

Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí Alhaja lórí àga ní ṣọ́ọ̀bù mi láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́. Ẹ ń sọ pé ọ̀rẹ́ wa wù yín. Kì í ṣe ọ̀rẹ́. Níní kì í bá mi jẹun mọ́. Èmi kò tíì dárí ji Alhaja nítorí etí yẹn, òun náà kò dárí jì mí, n kò sì ní kó dárí jì mí. Àforíjì tí mò ń tọrọ, lọ́wọ́ Àbdùlláhì ni. Ẹ̀yin tí ẹ ní ènìyàn ní Líbíà tàbí ní Ítálì, ẹ bá mi sọ fún un pé ìyá rẹ̀ kò lé e. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ sì ń kọ́ iṣẹ́ yìí, ẹni tó gbé fóònù rẹ̀ lé yín lọ́wọ́, ọmọ rẹ̀ ló gbé lé yín lọ́wọ́. Bí inú bá ń bí yín sí i, ẹ sọ ọ́ sí i lójú, kẹ́ ẹ sì dá fóònù rẹ̀ padà fún un.

Lánàá, fóònù náà dún. Alhaja dìde dúró. Mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́ ṣì kí n tó gbé e. Ohùn obìnrin tí wọ́n gbà sílẹ̀ ni, ó ń polówó dátà olóṣù.

"Kí ni wọ́n sọ?"

"Dátà ni wọ́n ń tà, mà."

Ó jókòó padà, ó ń wo títì. "Rà á," ó ní. "Má jẹ̀ẹ́ kí líìnì yẹn kú."

Mo rà á.