Nọ́mbà Mẹ́tàdínlógún Nínú Àpótí Mándólíìnì Bàbá Mi

Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ọmọ mi tí ẹ ń ka ohun tí mo kọ yìí, ẹ fara balẹ̀ bá mi gbọ́ ọ, nítorí ọ̀rọ̀ tó wà nínú mi ti pọ̀ ju ohun tí ikùn arúgbó lè gbà. Láti ọjọ́ Àìkú tó kọjá ni oúnjẹ kò ti lọ lẹ́nu mi mọ́. Nínú ẹbí wa ní Agége, èmi ni wọ́n máa ń pè bí wọ́n bá fẹ́ mọ ẹni tó bí ẹni. Bí wọ́n bá ń jiyàn lórí ilẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni ẹjọ́ ń parí sí. Èmi ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ nínú ìran wa tó wọ ilé ẹ̀kọ́ girama, mo kà á parí, mo sì ti fi í yangàn títí eyín fi ń ká lẹ́nu mi. Ohun tí mo bá ti ní mo rántí, kò sẹ́ni tó ń bá mi du ú. Àṣé ìrántí náà lè sọ ènìyàn di ọ̀daràn! Aṣọ búlúù kan wà lórí tábìlì níwájú mi bí mo ṣe ń kọ̀wé yìí, ó ti ṣá, kò tóbi ju ìrọ̀rí ọmọdé lọ. Òun ló ń jẹ́ mi lẹ́rìí. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe dé ọ̀dọ̀ mi.

Káfíńtà ni bàbá mi ní rélùwéè, ṣùgbọ́n mándólíìnì ni gbogbo àdúgbò fi mọ̀ ọ́n. Fún ẹ̀yin tí ẹ kò rí i rí, ó dà bí gìtá kékeré; okùn mẹ́jọ ló ní, méjì méjì ni wọ́n ń rìn pọ̀, ohùn rẹ̀ a sì máa dún bí ìgbà tí òjò bá ń sẹ̀ sórí páànù. Bàbá mi ń ta á ní ìjọ Aládùúrà wa lọ́jọọjọ́ Àìkú. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ kan àpótí fún un, ó gbẹ́ inú àpótí náà jìn kó lè gba ikùn mándólíìnì náà, nítorí pé ikùn rẹ̀ yọ roboto bí igbá. Àpótí wúwo jù fún mi nígbà náà, nítorí náà n óò yọ mándólíìnì kúrò nínú rẹ̀, n óò gba ọ̀já ìyá mi, n óò sì pọ̀n ọ́n dé ìjọ bí ẹni pọn ọmọ. Títí di òní olónìí, ẹ̀yìn mi ṣì rántí ikùn yẹn. Nígbà tí mo pé ọmọ ọdún méjìlá, wọ́n mú mi lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọbìnrin kan ní Abẹ́òkúta, níbi tí a ti ń gbé inú ọgbà. Ọdún yẹn gan-an ni ìka ọwọ́ bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún. Làkúrègbé ni, ohun tó sọ nìyẹn. Fún bí ọdún méjì, kò ta mándólíìnì rárá. Nígbà tó yá, ìka san, ó sì tún bẹ̀rẹ̀. Èmi fúnra mi ni mo máa ń sọ ìtàn yìí fún àwọn ọmọ inú ẹbí, pé ẹ wo bí Ọlọ́run ṣe wo ìka bàbá wa sàn. Lẹ́yìn ìgbà yẹn, mi ò pọn mándólíìnì mọ́, mo ti di ọmọge. Bí bàbá mi bá ń ta á, mò ń jókòó sí iwájú bí àwọn ìyókù. Ta ló ń wo ẹ̀yìn mándólíìnì? Ikùn ẹni tó ń ta á nìkan ló mọ̀ ọ́n.

Àwa méjì péré ni bàbá mi bí, èmi àti Fọlárìn àbúrò mi. Nígbà tí bàbá kú, ọ̀dọ̀ Fọlárìn ni àpótí náà wà, nítorí òun ni ọkùnrin. Fọlárìn ṣiṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú títí àìsàn fi mú un lọ, ó fi ìyàwó rẹ̀, Mojísọ́lá, àti ọmọbìnrin kékeré kan, Bùkọ́lá, sílẹ̀ nínú ilé bàbá wa. Ìgbà ìjọba ológun ni, ìgbà Sáàpù tí ìjọba ní kí gbogbo wa fún ìgbànú mọ́ra. Ẹ̀yin tó bá ṣojú yín kò nílò àlàyé. Àwọn tí wọ́n ń wọ bọ́ọ̀sì òṣìṣẹ́ lọ sí Ìkẹjà láàárọ̀ wá ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti kùtùkùtù. Wọ́n ta fìríìjì, wọ́n ta bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó, àwọn kan ta ilẹ̀kùn ilé. Ẹ̀rọ ìránṣọ kan ni Mojísọ́lá gbójú lé. Ó mọ aṣọ rán, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Kódà òun ló bá mi lẹ aṣọ ìbora tí mo ti ń lò láti ilé ẹ̀kọ́, tí mi ò jẹ́ sọ nù.

Ìrántí ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n tí bàbá kú ń bọ̀, èmi ni mo sì dá a lábàá pé kí wọ́n gbé mándólíìnì jáde, kí ẹnì kan ta á nínú ìjọ. Gbogbo ẹbí péjọ sí pálọ̀. Mojísọ́lá gbé àpótí wá, ó nù ún, ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo ṣí i, mo gbé mándólíìnì, mo yí i padà láti fi ikùn rẹ̀ han àwọn ọmọ. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́ pẹrẹsẹ bí àwo!

Mo ní, “Ìyàwó wa, mándólíìnì bàbá mi dà?”

Ó ní, “Òun náà nìyẹn, Àǹtí.”

Mo ní òun kọ́. Mo ní ẹ̀yìn mi ni mo fi pọn ti bàbá mi. Ó ní láti ọjọ́ tí òun ti wọlé ọkọ, òun náà ni òun ń nù, òun kò rí òmíràn rí. Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo inú àpótí náà dáadáa.” Èmi kò wò ó. Mo ní télọ̀ kò lè wá kọ́ mi ní ìtàn ilé bàbá mi. Ọmọ àbúrò bàbá wa kan tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ fi ẹ̀yìn ti ògiri, ó ní, “Sáàpù ti wọ inú àpótí bàbá,” gbogbo pálọ̀ sì bú sẹ́rìn-ín. Fọlárìn ti kú. Àwọn àgbà tí ìbá sọ̀rọ̀ ti lọ. Ta ni yóò bá mi jiyàn? Mo ní a kò ní pe ọlọ́pàá, ilé wa kọ́ ni wọn yóò ti gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ ìrántí, kó wá irú èyí tó tà rà, kó sì gbé e padà síbi tó ti mú un. Mojísọ́lá kò sunkún. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, mo kọjá lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mi ò gbọ́ ìró ẹ̀rọ ìránṣọ mọ́. Ó ti tà á.

Èmi àti rẹ̀ la jọ lọ sí Dópẹ̀mú, nítorí èmi nìkan ni mo lè dá irú mándólíìnì bàbá mi mọ̀. Bàbá kan wà níbẹ̀, Bàbá Làmídì, tó ń tún rédíò àti gìtá ṣe, tó sì ń ta àlòkù. Mándólíìnì mẹ́ta ló gbé kọ́ sára ògiri. Ó ní wọ́n ṣe àkọ́kọ́ kí ogun àgbáyé kejì tó bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ sì yọ bí mo ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́. Ìkejì jẹ́ ti àwọn ọdún tó ṣáájú òmìnira, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ́. Ìkẹta kò tíì pẹ́ rárá, ó ń dán bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín; bàbá náà fi ìka kàn án, ó dún bí agolo mílíìkì, ó ní pákó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n lẹ̀ pọ̀ ni, kí ẹnikẹ́ni má fi dídán ra mándólíìnì. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń gbé ọrùn rẹ̀ sí ojú kan bí ẹni ń wo igi bóyá ó tọ́, bí a ṣe ń tan iná sínú ihò rẹ̀ láti wo bí wọ́n ṣe to igi inú. Ó ní ti àtijọ́ yẹn, ohùn rẹ̀ dùn, àmọ́ wọn kò fi irin sínú ọrùn rẹ̀, ọrùn náà sì ti ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ti ìṣáájú òmìnira ní irin, pákó gidi ni, òun ló lè fara da ooru àti ọyẹ́ wa. Mo fi í rẹ́rìn-ín. Mo ní ohun tó bá dàgbà jù ló máa ń dára jù.

Ó ní, “Màdáámù, ti ènìyàn nìyẹn. Ti pákó yàtọ̀.”

Mo ti nawọ́ sí oníkùn roboto nígbà tí Mojísọ́lá gbé àpótí tiwa lé orí tábìlì, ó bi bàbá náà bóyá ó lè gba ohun tó wà nínú rẹ̀ mọ́ owó. Mo ní ayédèrú ni. Bàbá Làmídì gbé e, ó ta á, ó mi orí. Ó ní, “Ta ló pe èyí ní ayédèrú? Ọmọ ìyá ìkejì yìí ni. Ẹ má tà á o.” Ó wá wo àpótí, ó ní nǹkan kan ya òun lẹ́nu, àpótí yìí dàgbà ju ohun tó ń gbé inú rẹ̀ lọ, ẹni tó kàn án kàn án fún oníkùn, nígbà tó yá ló wá fi aṣọ dí kòtò rẹ̀ kí èyí má baà máa mì. Ó fa aṣọ náà yọ. Aṣọ búlúù tí wọ́n ká, tí wọ́n fi òwú rán mọ́ra. Ó yí i padà. Lára ìgbátí rẹ̀, mo rí òwú pupa tí wọ́n fi kọ nọ́mbà: mẹ́tàdínlógún.

Ẹ̀yin èèyàn mi, èmi ni mo fi ọwọ́ mi kọ nọ́mbà yẹn. Ní ilé ẹ̀kọ́ wa, olúkúlùkù ni ó ní nọ́mbà tó ń rán sára aṣọ rẹ̀ nítorí àwọn alágbàfọ̀. Mẹ́tàdínlógún ni tèmi. Yunifọ́ọ̀mù mi ni, èyí tó kéré mọ́ mi lára ní ọdún kẹta tí mo fi gbé e wálé. Gbogbo ìtàn tí mo ti ń sọ fún ènìyàn láti ọjọ́ yìí wá so pọ̀ lójú mi ní ìṣẹ́jú kan. Ìka bàbá mi kò dùn ún rí! Ó ta oníkùn kó lè fi mí sí ilé ẹ̀kọ́, ó jókòó fún ọdún méjì láìní ohun tó máa ta, ó purọ́ làkúrègbé kí n lè kàwé pẹ̀lú ọkàn tó fúyẹ́, nígbà tó sì rí àlòkù kan rà, ó fi aṣọ mi tẹ́ ibùsùn fún un. Ìwé tí mo fi ń yangàn ló jẹ mándólíìnì bàbá mi. Kì í ṣe Mojísọ́lá.

Mo gbójú sókè, kì í ṣe aṣọ ni Mojísọ́lá ń wò, ojú mi ló ń wò. Òun ló lẹ aṣọ ìbora mi tó ní nọ́mbà kan náà. Ó mọ̀! Ó dúró kí n sọ̀rọ̀. Ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ ní òpùrọ́ lójú àlejò, ṣùgbọ́n ó fún mi láyè, àyè tó gùn. Mo ronú kan pálọ̀ wa, mo ronú kan ẹ̀rín tí wọ́n rín, mo ronú pé wọn yóò ní ṣé Àǹtí náà lè gbàgbé. Ojú tì mí láti jẹ́ ẹni tó ṣìṣe, mo wá yàn láti jẹ́ ẹni burúkú.

Ó ní, “Àǹtí, ṣé kí n san án?”

Mo ní, “San án.”

Oníkùn ni a gbé lọ sí ìjọ lọ́jọ́ ìrántí. Wọ́n yìn mí, wọ́n ní bí kì í bá ṣe èmi, ohun ìní bàbá ìbá ti ṣègbé. Mo sọ fún Mojísọ́lá pé kó máa kó ayédèrú rẹ̀ àti àpótí rẹ̀ lọ, tòun ti aṣọ inú rẹ̀. Àpótí tí bàbá mi fọwọ́ ara rẹ̀ kàn! Mo fi í tọrẹ kí ẹ̀rí lè kúrò nílé. Kò pẹ́ tó fi kó kúrò níbẹ̀ lọ sí yàrá kan ní Dópẹ̀mú, nítorí àwọn ará ilé ti ń ti yàrá wọn pa bó bá ń kọjá. Ó lọ ń rán bọ́tìnì mọ́ aṣọ aláṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíràn. Ní ti oníkùn mi, ó wà lára ògiri pálọ̀ mi. Ọrùn rẹ̀ ti tẹ̀ bí ọrun, okùn kò ṣe é so mọ́ ọn mọ́. Ti bàbá mi ń dún. Bùkọ́lá ló ń ta á ní ìjọ, mo sì ń jókòó sí iwájú, mò ń gbọ́ ọ lọ́jọọjọ́ Àìkú.

Ọjọ́ Àìkú tó kọjá, lẹ́yìn ìsìn, Mojísọ́lá wá kí mi. Irun rẹ̀ náà ti funfun. Ó kúnlẹ̀ bó ti máa ń kúnlẹ̀, ó yọ aṣọ búlúù yìí nínú báàgì rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́, ó sì ká a dáadáa. Ó ní, “Nǹkan yín rèé, Àǹtí. Mo ti bá yín fọ̀ ọ́.” Kò bínú, kò rẹ́rìn-ín. Ó ní Bùkọ́lá fẹ́ kọ ìtàn bàbá bàbá rẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀, pé ọmọ náà bi òun bí mándólíìnì ṣe jẹ́, òun sì ní kó wá bá mi, nítorí èmi ni mo mọ ìtàn ilé. Ó dìde, ó gbọn yẹ̀rì rẹ̀, ó lọ.

Ọjọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ni Bùkọ́lá ń bọ̀ pẹ̀lú ìwé àti bírò. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́n jù mí lọ, kí ni kí n ṣe? Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ bá ìyá rẹ̀ ní Dópẹ̀mú, èmi ẹ̀gbọ́n ọkọ, kí n lọ kúnlẹ̀ lórí eékún tó ń ro mí yìí? Ṣé kí n pe gbogbo ẹbí padà sí pálọ̀ kan náà, níbi tí mo ti bà á lórúkọ jẹ́? Bí mo bá dákẹ́, wọn yóò sin mí pẹ̀lú ìyìn. Ṣùgbọ́n ẹyin lohùn. Èyí tí mo jẹ́ kó já bọ́ ní pálọ̀ lọ́jọ́ náà, orí obìnrin kan ló fọ́ lé. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń gbọ́, bí àgbà bá sọ fún yín pé òun rántí, ẹ bọ̀wọ̀ fún un, kí ẹ sì wo inú àpótí. Mi ò tíì mọ ọ̀rọ̀ tí n óò kọ́kọ́ sọ fún ọmọ náà. Aṣọ yìí ni n óò tẹ́ sórí àga tí yóò jókòó lé, mi ò sì ní gbé e kúrò níbẹ̀ kó tó wọlé.